Ẹ̀wà, àjákù ankárá àti dáìsì lúdò: ṣé eré lásán ni àbí ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. SS3 ni mo ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì, wọ́n sì lé ní àádọ́rin nínú kíláàsì kan. Tá a bá ti dé orí ẹfolúṣọ̀n, mo máa ń kọ Lamarck (tó ní ẹ̀dá ń yí ara rẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ á sì jogún rẹ̀) sí apá kan bọ́ọ̀dù, Darwin (tó ní àwọn tó ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń yè, tó ń bímọ) sí apá kejì, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, ó parí. Lọ́dún yìí ẹnì kan ní kí n da ẹ̀wà aláwọ̀ oríṣiríṣi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣe bí ẹyẹ, kí wọ́n máa ṣà á. Mo ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pariwo débi pé igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wá yọjú. Nígbà tí mo wá dán wọn wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé “ẹ̀wà náà yí àwọ̀ padà kí ẹyẹ má bàa rí i.” Ṣé eré yìí wúlò ni, àbí kí n padà sídìí bọ́ọ̀dù mi? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú o, òótọ́ ni mo fẹ́.

* * *

Ó wúlò. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bi yín: lẹ́yìn tí wọ́n ṣa ẹ̀wà tán, kí lẹ ṣe sí èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kí wọ́n gbá a dànù torí aago ti lù, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ohun tí àwọn ọmọ yín rí ni pé ẹyẹ ń jẹ èyí tó hàn, èyí tó fara pa mọ́ sì ń yè. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn nìkan kì í ṣe àṣàyàn àdánidá, ohun tí Darwin ń sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí àwọ̀ kan ṣe wá pọ̀ ju èkejì lọ nígbà tó yá, wọn ò rí ohunkóhun nínú eré náà tó dáhùn rẹ̀. Wọ́n á wá wá ìdáhùn fúnra wọn, èyí tó sì yá lẹ́nu jù ni pé ẹ̀wà yí ara rẹ̀ padà. Kì í ṣe pé wọn ò fetí sílẹ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ lẹ fi hàn wọ́n.

Ìdajì tó kù ni bíbí. Ègé 100 lẹ máa kó jọ, àwọ̀ márùn-ún, 20 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹyẹ á jẹ 75, 25 á ṣẹ́ kù. Ẹ ṣa 25 yẹn jọ, ẹ tò wọ́n ní àwọ̀-àwọ̀, kí ègé kọ̀ọ̀kan tó yè bí ọmọ mẹ́ta tó jọ ọ́. 25 pẹ̀lú ọmọ 75, ẹ ti padà sí 100. Ẹ tún dà á sílẹ̀, kí ẹyẹ tún jẹ. Ó kéré tán, ẹ ṣe é dé ìran kẹta.

Ìgbà tí wọ́n bá ń ka iye ni ojú wọn máa ń là. Pupa mẹ́jọ ló yè, ó bí 24, pupa ti di 32. Yẹ́lò kan ṣoṣo ló yè, ó di mẹ́rin. Ojú wọn ló ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ègé kankan tó yí àwọ̀ padà, síbẹ̀ ohun tó wà lórí tábìlì ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá yọ bíbí kúrò, ìdíje ṣíṣa nǹkan ló kù, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá ló sì máa jàre.

* * *

Ọ̀gá kan ti bínú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ó ní: “Ẹ̀wà? Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan lónìí? Ọmọ tí kò jẹun kó tó kúrò nílé, ẹ ní kó máa fi oúnjẹ ṣeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀!”

Ọ̀gá, mo gbà fún yín. Yàtọ̀ sí owó, ẹ̀wà ò dára fún eré yìí rárá. Ó ń yí kiri, ìwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba, ọmọ á sì máa mú èyí tó tóbi, tí ẹ̀yin á rò pé àwọ̀ ló ń wò. Ẹ lọ bá télọ̀ àdúgbò yín. Àjákù ankárá tó ń gbá dànù lálẹ́ kún àpò, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ gé e níwọ̀n kan náà, bí èékánná àtàǹpàkò, àwọ̀ kan ṣoṣo lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá tọrọ ankárá yáàdì kan tí àwòrán rẹ̀ kún dáadáa, òun lẹ máa tẹ́ sórí tábìlì bíi pápá. Tẹ́ ẹ bá rí méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ọ̀kan tí ewé pọ̀ lára rẹ̀, ìkejì tó pọ́n tàbí tó rí bí ilẹ̀, ẹ pín wọn fún tábìlì méjì, kí wọ́n fi 100 kan náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìran kẹta, ohun tó pọ̀ lórí tábìlì kan á ti yàtọ̀ sí tèkejì. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa kọjá lọ wo ti ara wọn, wọ́n á máa jiyàn. Ẹ dákẹ́ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń já lu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, tó sì máa ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹnì kan tó ń kọ́ni ní London ní súìtì aláràbarà làwọn ń lò. Ìyẹn dùn, àmọ́ àwọn ọmọ á kọ́kọ́ mú èyí tí adùn rẹ̀ wù wọ́n, ohun tó ń ṣa wọ́n kì í wá ṣe àwọ̀ mọ́. Bébà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìlubébà lu náà dára, ó sì yá láti pèsè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣèèṣì mú iná dé, fáànù á gbé odindi ìran kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìyẹn náà kọ́ wọn: ikú tí kò wo àwọ̀ wà nínú ayé, iye ọmọ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dára ju ẹnìkan lọ.

Òfin ṣíṣa ṣe pàtàkì. Ẹyẹ á kọ̀yìn sí tábìlì, á yíjú, á mú ẹyọ kan, á sọ ọ́ sínú ife, á tún kọ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá gbà kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ jọ bí ẹni ń kó gàrí tó dà nù, àwọ̀ ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ní kíláàsì tó lé ní àádọ́rin, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa jẹ́ ẹyẹ. Mẹ́ta ń jẹ, ẹnì kan ń ka, ẹnì kan ń kọ, ẹnì kan ń fi ọmọ tuntun síbẹ̀. Tí ìran bá yí, iṣẹ́ náà á yí.

* * *

Mo rí i pé èrò àwọn tó pọ̀ jù níbí ni pé eré àgógó ẹnu ẹyẹ ló dára jù: ọmọ kan á mú ṣíbí, èkejì péègì ìsáṣọ, ẹ̀kẹta ẹ̀mú tàbí igi ìtayín, wọ́n á wá wo ẹni tó lè kó oúnjẹ jù. Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọmọ tó fẹ́ kú. Tí igi ìtayín ò bá rí nǹkan gbé, ẹ ó gbọ́: “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ tèmi.” Tẹ́ ẹ bá gbà, Lamarck tẹ́ ẹ fi ìdajì bọ́ọ̀dù bá jà ti gba ojú fèrèsé wọlé. Èkejì, ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ yá á fi igi ìtayín gbé oúnjẹ ju ọ̀lẹ tó mú ṣíbí lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá irinṣẹ́ ni ẹ ń wọ̀n tàbí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí eré yẹn fi hàn ju ankárá lọ: pé ohun tó dára lónìí lè di ẹrù lọ́la. Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì kì í ṣe àròsọ. Ní 1973 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá méjì, Peter àti Rosemary Grant, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Daphne Major, erékùṣù kékeré kan ní Galápagos, wọ́n ń mú ẹyẹ, wọ́n ń wọn àgógó ẹnu wọn, wọ́n ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀. Ní 1977 òjò kọ̀ kò rọ̀. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Geospiza fortis jẹ gbogbo èso wẹ́wẹ́ tán, ó wá ku àwọn èso ńlá tó le koko. Nǹkan bí 85 nínú 100 ẹyẹ ló lọ. Èyí tó yè, àwọn tí àgógó ẹnu wọn nípọn ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó tẹ̀ lé e sì jogún ẹnu nínípọn náà. Ní 1983 ni òjò wá ya bolẹ̀, èso wẹ́wẹ́ gbòde, oríire wá padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́nu kékeré.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn eré àgógó, ẹ ṣe é lẹ́yìn ankárá, ẹ má fi í ṣáájú. Kó má sí pípààrọ̀. Kí ẹyẹ tó bá kú jókòó, kó padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni tó yè, pẹ̀lú irinṣẹ́ òbí tuntun náà. Ní ìran kẹta, ẹ kó ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ kúrò nílẹ̀, ẹ da èkùrọ́ síbẹ̀.

* * *

Sí ẹni tó ní ìtàn àfòpiná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (pé èéfín ilé iṣẹ́ sọ ara igi di dúdú, ẹyẹ wá ń rí aláwọ̀ eérú jẹ, dúdú sì pọ̀ sí i) ti di irọ́, pé ká yọ ọ́ kúrò nínú nóòtì: rárá o. Ohun tí àwọn ènìyàn bá Bernard Kettlewell, ẹni tó kọ́kọ́ dán ìtàn náà wò nínú igbó, jà lé lórí ni ọ̀nà tó gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1953 sí 1955, pàápàá bó ṣe kó kòkòrò púpọ̀ jù sí ojú kan, tó sì kó wọn sára igi níbi tí wọn kì í sábà bà sí. Michael Majerus tún un ṣe ní Cambridge láti 2001 sí 2007, ó lo àfòpiná 4,864, ó sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ibi tí wọ́n máa bà sí. Ẹyẹ ṣì ń jẹ dúdú ju aláwọ̀ eérú lọ, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mọ́, ara igi ò dúdú mọ́. Ó kú ní 2009, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2012. Ẹ fi sí nóòtì yín, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

* * *

Màmá kan ní òbí kan dé sí ilé ìwé àwọn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́ torí orí ẹ̀kọ́ yìí, kí ni kí àwọn ṣe?

Mà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó wá jókòó sídìí tábìlì kan, kó máa ka ìran. Kò sí ìnàkí nínú eré náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí Ádámù ti wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ń jọ òbí, pé gbogbo ọmọ kì í rí bákan náà, pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dàgbà bímọ. Pásítọ̀ ń rí i, àlùfáà ń rí i, àgbẹ̀ tó ń yan èyí tó máa fi ṣe irúgbìn nínú àgbàdo rẹ̀ ń rí i. Darwin pàápàá, ẹni tó ń sin ẹyẹlé ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ti 1859 kó tó dé orí ẹ̀dá inú igbó. Ibi tí òbí náà bá fẹ́ dúró sí lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìlànà ìdánwò, ọmọ rẹ̀ náà á sì jókòó ṣe é.

* * *

Ní báyìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tó ń béèrè àpẹẹrẹ tó kan ènìyàn, tó tún kan ilé wa: kò sí èyí tó sún mọ́ wa tó AA, AS àti SS, níbi tí ọmọ tó gba S lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ti ń ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ni o, yìgì ni o, wọ́n á béèrè jẹ́nótáìpù. Ìbéèrè tí wọn kì í bi àwọn ọmọ ni pé kí ló dé tí S fi pọ̀ láàárín wa tó báyìí. Àìsàn tó ń pa ọmọdé kó tó dàgbà bímọ, ṣebí ó yẹ kó ti run tipẹ́? Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Anthony Allison ló tọ́ka sí ìdí rẹ̀ ní 1954, láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà: ibà kì í lè pa ọmọ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA.

Ẹ wá ife kan. Ẹ̀wà funfun 75 ni A, ẹ̀wà pupa 25 ni S. (Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà padà wá. Ife kan péré ni, ọ̀gá tó bínú lẹ́ẹ̀kan lè gbà á sè lẹ́yìn náà.) Ẹ dijú, ẹ mú méjì, ọmọ kan nìyẹn. Funfun pẹ̀lú pupa, AS, ó yè. Pupa méjì, SS. Láyé àtijọ́ tí kò sí ìtọ́jú, kì í dàgbà dé àsìkò ọmọ bíbí, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Funfun méjì, AA, ẹ ju dáìsì lúdò. Tó bá jẹ́ ení ló jáde, ibà ti mú un lọ, iye mìíràn, ó yè. Tí ife bá ṣófo, ẹ ka A àti S tó yè, ẹ fi ìṣirò dá wọn padà sí 100 láìyí ìwọ̀n wọn padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo owó ẹyọ dípò dáìsì. Mi ò fara mọ́ ọn. Owó ẹyọ pa ìdajì AA, S á sì fẹ́ dúró sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀wà, ó ti pọ̀ jù. Dáìsì pa ẹnì kan nínú AA mẹ́fà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: S á fẹ́ dúró sí ìdá kan nínú méje gbogbo ẹ̀wà; nínú àwọn ọmọ tuntun, AS á sì jẹ́ 12 nínú 49. Ìyẹn ku díẹ̀ kó pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ padà wo iye ti Nàìjíríà lókè. Tábìlì kan ṣoṣo lè ṣìnà o, torí ẹ̀wà 100 kéré; ẹ ro ti gbogbo tábìlì pọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba dáìsì lọ́wọ́ wọn. Ibà ti tán nílùú. Tí S bá wà ní ìdá kan nínú méje, ìran tó kàn á jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́wàá. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí inú AS ni èyí tó pọ̀ jù nínú S sá sí. Níbí, ẹ lè mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà: lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú 13 nínú ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń bí níbẹ̀ ló jẹ́ AS. Ọmọ kan á sáré sọ pé àìsí ibà ló fà á. Ẹ ní kó ka ìran. Nínú ìṣirò wa, S ní láti já láti ìdá kan nínú méje dé nǹkan bí ìdá kan nínú 26, ìyẹn á gba ìran 19, ó sì súnmọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ibà sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí S ò pọ̀ láàárín wọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó bá rí ìyẹn fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ẹni tó ń há nóòtì sórí.

* * *

Aṣojú àwọn tí inú wọn ò dùn sí eré dáìsì kọ̀wé pé: “Ọmọ SS wà nínú kíláàsì mi. Ṣé kí n máa yọ ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀ ni?”

Ìbéèrè gidi nìyí, mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Kẹ́ ẹ tó ju dáìsì, ẹ sọ fún wọn gbangba pé ayé ìgbà tí kò sí ilé ìwòsàn lẹ̀ ń ṣe, pé ẹlòmíràn tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde lónìí ń dàgbà, ó ń gboyè, ó ń bímọ. Ẹ má bi ọmọ kankan ní jẹ́nótáìpù rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í. Kò sí ìró ìyìn tàbí ẹ̀rín tí ẹ̀wà bá kúrò nínú ife. Tí kíláàsì náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnìkan tí àìsàn yìí pa, ẹ fi eré náà sílẹ̀, ẹ ṣe ankárá.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká má sọ ọ́ rárá. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń gbọ́ ládùúgbò ni pé ègún ìdílé ni, tàbí pé àbíkú ni wọ́n. Kí wọ́n gbọ́ pé S tó wà lára wọn gba àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ ibà sàn ju ìyẹn lọ.

* * *

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ti padà wá. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú péré ni àwọn ní, báwo ni gbogbo èyí ṣe fẹ́ wọ inú rẹ̀, kí sì ni kí òun fi dán wọn wò?

Gbogbo rẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ankárá nìkan ni fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gé e nílé, ẹ ka 100 sínú ọ̀rá fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rá kejì fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá sáyé, torí àwọ̀ tó bá ṣe dáadáa á nílò ju 20 lọ. Ẹ ya tébù iye sára bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó wọlé. Ìran méjì nínú kíláàsì, kí wọ́n ṣírò ìkẹta nílé. Ọjọ́ mìíràn ni dáìsì.

Fún ìdánwò, ẹ má béèrè “kí ni àṣàyàn àdánidá?” Wọ́n á kọ ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ fún wọn ní èyí: ní abúlé kan, wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀fọn ń kú bí ilẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀fọn ń bà lé àwọ̀n náà, ó ń fò lọ. Ọmọ kan ní “oògùn náà ti mọ́ ẹ̀fọn lára.” Kí lẹ máa sọ fún un? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Àwọn onímọ̀ ti rí ẹ̀fọn Anopheles, èyí tó ń gbé ibà kiri, tí oògùn pyrethroid tí wọ́n fi ń rẹ àwọ̀n ò ràn mọ́ káàkiri Nàìjíríà àti Benin, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pín àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn méjì sí báyìí.

Bí mo ṣe ń fún wọn ní máàkì: ẹni tó bá sọ pé díẹ̀ nínú ẹ̀fọn náà ti yàtọ̀ kí àwọ̀n tó dé, máàkì méjì. Ẹni tó bá sọ pé àwọn yẹn ló yè, máàkì kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé wọ́n bímọ, ọmọ wọn sì jogún rẹ̀, máàkì mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ “ẹ̀fọn náà yí ara rẹ̀ padà,” òdo, kódà kó kọ ojú ìwé méjì.